Ẹ Má Fipá Gba Ìtàn Lẹ́nu Ẹni Tí Àjálù Bá

Bí omíyalé, iná tàbí ìjì bá ba oko àti ilé jẹ́, irúgbìn àti oúnjẹ ìrànwọ́ la sábà máa ń kọ́kọ́ rò. Ọ̀rọ̀ ọkàn la kì í fara balẹ̀ ṣe. Ohun tí à ń rí lemọ́lemọ́ ni pé èrò á yí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ká: “Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀? Sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀.” Bí ọ̀kan bá lọ, òmíràn á tún bi í. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́.

Ohun mẹ́ta ni ìwé ìtọ́sọ́nà lórí ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́ fún ọkàn, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2011, ní ká ṣe: ká wò, ká gbọ́, ká so ẹni náà pọ̀ mọ́ ìrànwọ́.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ewu ti kúrò níbẹ̀. Ẹ jókòó tì í, ẹ má dúró lé e lórí. Ẹ bi í pé, “Kí lẹ nílò báyìí?” Bó bá sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́, bó bá dákẹ́, ẹ bá a dákẹ́. “Má sunkún mọ́, ṣebí ẹ̀mí wà” kì í ṣe ìtùnú lọ́jọ́ yẹn. Bí ara rẹ̀ bá ń gbọ̀n, ẹ ní kó fẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kó máa fìka tẹ itan rẹ̀, kó wo ohun tó wà láyìíká, kó sì máa mí díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bá a wá ará ilé rẹ̀, omi àti ibi tí yóò sùn. Ẹ má fún un ní oògùn oorun tàbí ọtí. Ọmọ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ẹní kò ṣẹ̀; ẹ má nà án.

Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ ti oògùn apakòkòrò àti èyí tó ń pa koríko mọ́nú àpótí, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí ẹni tí ìbànújẹ́ bá má bàa fi pa ara rẹ̀. Ẹ má sọ pé ilé tiyín kò nílò rẹ̀.

Iṣẹ́ onímọ̀ ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá ni láti kọ́ àwọn olùrànlọ́wọ́ ní nǹkan wọ̀nyí, kí wọ́n sì tọ́jú àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ju agbára ará ilé lọ. Àìsùn àti àlá burúkú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe àìsàn. Ti ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lọ fúnra rẹ̀. Bó bá lé ní oṣù 1 tí kò tíì lè ṣiṣẹ́, ẹ mú un lọ bá onímọ̀ náà. Ẹni tó bá ń sọ pé òun fẹ́ kú, tí kò mọ ibi tó wà, tàbí tí kò lè tọ́jú ọmọ rẹ̀ mọ́, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ọjọ́ náà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.