Bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìdí-Àpẹ dé Ọjà-Ọba Ìlọrin ní àkọ́rọ̀ òjò

Ọ̀pọ̀ àlejò tí ó bá fẹ́ rí Ìlọrin àtijọ́ ni í ní kí ọlọ́kadà já òun sí iwájú ààfin Ẹ́míà, tí yóò ya fọ́tò méjì tàbí mẹ́ta, tí yóò sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. N kò bá wọn wí, ṣùgbọ́n ìparí ìtàn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí kà. Òkúta ló ṣáájú ààfin ní ìlú yìí, ẹni tí ó bá sì fẹ́ kí ohun tí ojú rẹ̀ ń rí yé e, ibi tí òkúta wà ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìrìn tí mo fẹ́ ṣàlàyé fi bẹ̀rẹ̀ ní Ìdí-Àpẹ, tí ó sì wá já sí gbàgede Ọjà-Ọba, níbi tí ààfin àti mọ́ṣáláṣí ńlá wà.

Àkọ́rọ̀ òjò ni àkókò tí ó yẹ ìrìn yìí jù lọ, èyíinì ni láti ìparí oṣù Kẹta wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún. Ṣáájú àsìkò yìí, eruku ọyẹ́ ti bo páànù ilé àti ewé dóńgóyárò mọ́lẹ̀, ooru a sì máa mú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó ń rìn kò ní lè gbé ojú sókè wo ohunkóhun. Nígbà tí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, eruku á kú, pupa ògiri alámọ̀ á tún yọ, máńgòrò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Òjò àkọ́rọ̀ a máa bá ìjì wá, láti ọ̀sán sí àṣálẹ́ ni ó sì sábà máa ń rọ̀, nítorí náà àárọ̀ ni kí ẹ fi rìn. Ẹ kúrò nílé ní aago 7, kí ẹ sì ti dé Ọjà-Ọba kí ó tó di aago 11. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, ẹ fún ilẹ̀ ní wákàtí kan kí omi inú gọ́tà fi fà, ẹ wọ bàtà tí abẹ́ rẹ̀ kò yọ̀, ẹ mú agbòjò dání. Ní irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí ìyẹ́ èsúnsún nílẹ̀ lábẹ́ iná ẹnu ọ̀nà àwọn ilé, àti abọ́ omi tí àwọn ọmọdé gbé kalẹ̀ lálẹ́ láti fi mú wọn. Ẹ má ṣe yára kọjá irú nǹkan bẹ́ẹ̀, nítorí ọjọ́ díẹ̀ péré ni ó máa ń wà nínú ọdún.

Ẹ yẹra fún ọjọ́ Jimọ̀. Mo ti fi ọjọ́ Jimọ̀ rin ọ̀nà yìí rí, nígbà tí mo sì fi máa dé Ọjà-Ọba, àwọn tó ń bọ̀ wá kírun ti kún ojú ọ̀nà gbogbo, n kò lè lọ síwájú, n kò lè padà sẹ́yìn, n kò sì rí nǹkankan ju ẹ̀yìn aṣọ ènìyàn lọ. Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀ ló dára. Ní ti ìwọṣọ, ìlú àlùfáà ni Ìlọrin: kí ọkùnrin wọ ṣòkòtò tí ó kọjá orúnkún dáadáa, kí obìnrin fi ìborùn bo orí, kí ó sì jẹ́ pé aṣọ tí apá rẹ̀ gùn ni ó wọ̀. Àwọn ojúlé tí ẹ ó gbà kọjá, agboolé onílé ni, ènìyàn ń gbé inú wọn, wọ́n sì ń dáná níbẹ̀. Bí ẹ bá dé ibi tí àgbàlagbà jókòó sí, ẹ dúró, ẹ kúnlẹ̀ díẹ̀ tàbí kí ẹ tẹ̀ ba, ẹ sálámà sí wọn, ẹ béèrè àlàáfíà ilé, kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ wá ṣe. Ẹni tí ó bá kí ènìyàn báyìí kì í ṣìnà ní Ìlọrin, nítorí ọmọ ilé náà ni wọn yóò fi sin ín dé ibi tí ó ń lọ.

Ní Ìdí-Àpẹ, ẹ béèrè agboolé Aṣájú. Ibẹ̀ ni Òkúta Ìlọrin wà, èyí tí ìtàn sọ pé Òjó Ìsẹ̀kúsẹ̀, ọdẹ tí ó kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀, ń lọ irin rẹ̀ lára rẹ̀. Àwọn ọdẹ mìíràn náà a máa yà síbẹ̀ pọ́n ohun ìjà wọn, láti inú “ìlọ irin” yìí ni orúkọ ìlú sì ti jáde. Kì í ṣe òkúta ńlá tí ó ń dẹ́rù bani, àwọn mìíràn a sì máa wò ó pé ṣé èyí náà nìyí. Ẹ sún mọ́ ọn. Kí ẹ wá rò ó pé ọwọ́ ọdẹ tó ń pọ́n irin lára òkúta nínú igbó ni ó fún olú-ìlú ìpínlẹ̀ Kwara lórúkọ. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ kàn án láìjẹ́ pé onílé yọ̀ǹda, ẹ má sì yọ fóònù jáde kí ẹ tó béèrè. Bí bàbá tí ó ń ṣàlàyé fún yín bá sọ ìtàn náà yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí ẹ ti gbọ́, ẹ jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán.

Ìdí-Àpẹ yìí kan náà ni àdúgbò Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, tí ó kọ̀yìn sí Aláàfin Ọ̀yọ́. Òun ló ké sí Ṣéù Àlímì, àlùfáà Fúlàní, kí ó wá fi àdúrà ran òun lọ́wọ́, àwọn ọmọ ogun tí wọ́n sì tẹ̀lé àlùfáà náà ló padà bá a jà, tí ó fi kú ní nǹkan bí ọdún 1824. Wọ́n ní ó kú lóòró, ọfà àti ọ̀kọ̀ tí ó kún ara rẹ̀ kò jẹ́ kí ó ṣubú. Abdul-Salami ọmọ Àlímì ni ó di Ẹ́míà àkọ́kọ́. Nígbà tí ẹ bá ń fi Ìdí-Àpẹ sílẹ̀ lọ sí ààfin, ọ̀nà tí agbára gbà kúrò lọ́wọ́ ilé kan bọ́ sí ọwọ́ ilé kejì ni ẹ ń tọ̀, ìrìn náà kò sì gùn. Ẹ rìn ín jẹ́jẹ́, ẹ má gun ọ̀kadà.

Ẹ gba ojúlé, ẹ má gba títì. Bí ẹ bá gbọ́ tí nǹkan ń ró kọ̀kọ̀kọ̀ láti inú ahéré kan, àwọn ahunṣọ ni wọ́n ń hun aṣọ òfì. Fún èmi, ibí yìí ni ọkàn ìrìn náà. Ahunṣọ á jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wà lórí ìtẹsẹ̀, ọ̀kọ̀, igi kékeré tí ó ń gbé òwú kọjá, á máa lọ á máa bọ̀ ní ọwọ́ rẹ̀, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí íǹṣì 4 lọ á sì máa ká jọ sí iwájú rẹ̀. Òwú tí a kò tíì hun ni a ta gbọọrọ síwájú, tí a so ìdí rẹ̀ mọ́ ẹrù tí a fi òkúta tẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ó ti ń hun ún ni ẹrù náà ń wọ́ tọ̀ ọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe dá òwú yìí kọjá, ẹ yí i ká, bí ó tilẹ̀ gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ní àkọ́rọ̀ òjò, ẹ ó rí i tí wọ́n ń wo ojú ọ̀run léraléra, nítorí bí òjò bá pa òwú tí a ti pa láró, àwọ̀ rẹ̀ lè ràn mọ́ra. Ẹ sọ pé “Ẹ kú iṣẹ́ o”, kí ẹ sì dúró kí ọwọ́ wọn dilẹ̀ kí ẹ tó bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ rán, wọn yóò sọ iye ojú aṣọ tí yóò tó o fún yín. Owó tí wọ́n bá pè ṣeé dúnàádúrà, ṣùgbọ́n ẹ rántí iye ọjọ́ tí ènìyàn jókòó tì í.

Nígbà tí ojúlé bá tán, gbàgede Ọjà-Ọba á ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹ wá ibi tí kò dí ọlọ́jà lọ́wọ́, ẹ dúró. Mọ́ṣáláṣí ńlá tí ẹ ń wò ni Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní ọdún 1981, a sì ti tún un ṣe lẹ́yìn ìgbà náà. Kí ó tó dé, Ìdí-Àpẹ tí ẹ ti ń bọ̀ náà ni ìlú ti ń kírun Jimọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ààfin wà nítòsí rẹ̀. Láti ọdún 1995 ni Alhaji Ibrahim Sulu-Gambari ti wà lórí ìtẹ́ níbẹ̀, ìran Àlímì sì ni. Balógun mẹ́rin ni ó pín ìlú yí ààfin ká: Balógun Gàḿbàrí, Balógun Fúlàní, Balógun Ajíkòbì àti Balógun Alánàmú. Nínú orúkọ wọn ni ẹ ti lè rí i pé Háúsá, Fúlàní àti Yorùbá ni ó jọ kó ìlú yìí jọ. Ní àsìkò Iléyá, gbàgede yìí kan náà ni àwọn ẹlẹ́ṣin máa ń kún, oríkì ìlú sì ti sọ ọ́:

Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn ju iyọ̀,
ìlú tó tóbi tó báyìí tí kò léégún,
ẹṣin leégún ilé wọn,
ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀.

Ẹ má ṣe wọ inú ààfin láìgba àyè lọ́wọ́ àwọn dógarì ẹnu ọ̀nà. Bí wọ́n bá ní kò sí àyè, ẹ dúpẹ́, kí ẹ máa bá ìrìn yín lọ.

Ebi á ti máa pa yín. Wàrà ni kí ẹ wá, èyí tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé kiri nínú omi rẹ̀. Ẹ rà á ní tútù bí ẹ bá rí i láàárọ̀, nítorí oòrùn a máa bà á jẹ́, bí ó bá sì ti di ọ̀sán, dídín ni kí ẹ jẹ. Mọ́sà gbígbóná náà bá a mu.

Bí agbára bá kù, ẹ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Dada ní Òkèlélé, níbi tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò. Àkọ́rọ̀ òjò kì í jẹ́ kí iṣẹ́ wọn yá, nítorí amọ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ dé inú kí a tó fi iná sun ún, èyí tí omi bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀ á là nínú iná. Bí ẹ bá fẹ́ ra ọ̀kan, ẹ gbé e sókè, ẹ fi eegun ìka kàn án yí ká. Bí ó bá dún gangan, ó jinná, kò sì sán. Bí ohùn rẹ̀ bá wúwo bí ti igi jíjẹrà, ẹ rọra dá a padà síbi tí ẹ ti mú un, kí ẹ mú òmíràn. Ẹ fi ìborùn wé e, kí ẹ gbé e lé itan nínú kẹ̀kẹ́, ẹ má fi í sẹ́yìn, nítorí kòtò pọ̀ lójú ọ̀nà lẹ́yìn òjò.