Owó àwọn ọmọ wà níbẹ̀ o

Ẹ̀yin ará Adó àti Ìkẹ́rẹ́, ẹni tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ bá ń gba owó àìlera SSDI ní Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é lónìí. Ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé 18, tí kò sì tíì ṣe ìgbéyàwó, lè máa gbà tó ìdajì owó òbí, bí ara ọmọ tilẹ̀ le koko. Bí àwọn ọmọ bá pọ̀, òdiwọ̀n wà fún iye tí ẹbí lè gbà lápapọ̀. Ẹ má pa á pọ̀ mọ́ SSI, owó ìrànwọ́ fún aláìlera tàbí àgbàlagbà tí kò ní lọ́wọ́; ìyẹn kì í fún ọmọ lówó nítorí pé òbí rẹ̀ ń gbà á. Kó má fi falẹ̀: owó ẹ̀yìn, ìyẹn ti àwọn oṣù tó ti kọjá kó tó béèrè, kì í kọjá oṣù 12. Bó bá jẹ́ Èkìtì níbí ni wọ́n bí ọmọ náà sí kó tó bá wọn lọ, ẹ bá a wá ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí NPC rẹ̀ ránṣẹ́.