Bí mo ṣe wá ọjọ́ orí kíjìpá ìyá àgbà mi

Nílé wa ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, ohun tí gbogbo ẹbí gbà ni pé kíjìpá tí ìyá àgbà mi fi sílẹ̀ ti wà kí ogun Dahomey tó fọ́ ìlú wa ní 1886. Ọ̀dọ̀ mi ni aṣọ náà wà báyìí, mo sì fẹ́ mọ ọjọ́ orí rẹ̀ gan-an.

Aṣọ fúnra rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nínú oòrùn, pẹ̀lú dígí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Òwú rẹ̀ kò dọ́gba, ibì kan ki, ibì kan tín-ín-rín. Ọwọ́ ni wọ́n fi ran án. Awẹ́ mẹ́ta ni wọ́n rán pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ ju aṣọ òfì àwọn ọkùnrin lọ dáadáa. Òfì tí àwọn obìnrin ń gbé ti ògiri ló ń hun irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n hun irú rẹ̀ ṣáájú 1886, wọ́n sì hun ún pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Aró rẹ̀ kò ràn mí lọ́wọ́. Ní 1897 ni BASF, ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan ní Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí wọ́n ṣe nílé iṣẹ́, ohun kan náà ni òun àti èyí tó wà nínú ewé èlú, ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Okùn tí wọ́n fi so awẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ló fún mi níṣẹ́ jù. Mo já díẹ̀ níbẹ̀, mo já díẹ̀ létí aṣọ, mo fi ẹ̀mú mú wọn, mo sun wọ́n lórí abọ́ omi. Ti etí aṣọ ń rùn bí ìwé tó ń jó, eérú rẹ̀ sì rọ̀. Èkejì súnkì, ó yọ́, ó di kóró dúdú líle. Nylon tàbí polyester nìyẹn, okùn tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe: 1938 ni wọ́n kéde nylon, polyester sì jáde ní 1941. Ẹni tó bá kánjú á ní aṣọ náà kò lè ṣáájú ìgbà yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ojú ihò abẹ́rẹ́ kí ẹ tó sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ihò tuntun, mo rí àwọn ihò àtijọ́, tí èérún okùn òwú ṣì wà nínú wọn. Wọ́n ti tú aṣọ yìí rí, wọ́n sì tún un rán. Ọjọ́ àtúnṣe nìkan ni okùn náà ń sọ.

Ẹnì kan ní kí n gé díẹ̀ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò kábọ́nù, èyí tí wọ́n fi ń wá ọjọ́ orí nǹkan àtijọ́. Mo kọ̀. Fún ohun tó bọ́ sáàárín 1650 sí 1950, àyẹ̀wò yẹn kì í fi ọdún kan gbòógì hàn, aṣọ á sì ti bàjẹ́.

Ìgbà yẹn ni mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá àgbà mi. Mi ò sọ ìtàn ilé wa fún un, kí n má baà fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Mo kúnlẹ̀, mo tẹ́ aṣọ síwájú rẹ̀, mo ní, “Ìyá, ṣé ẹ mọ èyí?”

Ó fọwọ́ pa á títí. “Òwú tí mo bá ìyá wa gbọ̀n rèé. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń lọ ilé ọkọ ni wọ́n hun ún fún un.”

“Née vers 1941” ló wà lára káàdì ìdánimọ̀ ìyá náà, ìyẹn ni pé wọ́n bí i ní nǹkan bí 1941, èèyàn ò sì lè gbára lé “vers”. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, àkọ́bí ìyá àgbà, ló ní ìwé tó ṣe é dì mú: 1954 ni wọ́n bí i. Ìgbéyàwó ti wáyé ṣáájú ìyẹn, ọmọ tó ń gbọ̀n òwú yóò sì ti tó bí ọdún mẹ́sàn-án sí méjìlá. 1950 sí 1953 ni mo fi í sí.

Inú ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò kọ́kọ́ dùn. Mo mú un lọ bá ìyá náà, òun ló là á yé wa: “Aṣọ tí ogun bá lára ìyá ìyá wa yàtọ̀. Òun ni wọ́n fi sin wọ́n.”

Mo ti kọ ọ́ sára tẹ́ẹ́rẹ́ aṣọ funfun kan, mo sì fi òwú gán an mọ́ igun rẹ̀: Kétu, 1950–1953, ìyá ló hun ún fún ọmọ rẹ̀ nígbà ìgbéyàwó, wọ́n tún un rán lẹ́yìn náà. Orúkọ àwọn méjèèjì náà wà níbẹ̀.