Bí mo ṣe kó orúkọ jọ fún àlàáfíà ayé ní ọjà Òyìngbò

Iṣẹ́ tí mo dáwọ́ lé ni pé kí àwọn ará ọjà Òyìngbò fọwọ́ sí lẹ́tà kan. Ìjọba ìbílẹ̀ wa la fẹ́ gbé e lọ bá, pé kí wọ́n kéde ní gbangba pé àwọn wà lẹ́yìn àdéhùn tó fòfin de bọ́ǹbù átọ́míìkì. Àjọ ICAN, ìyẹn àwọn tó ń jà káàkiri ayé pé kí bọ́ǹbù átọ́míìkì kásẹ̀ nílẹ̀, tó gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní 2017, ló ń pe àwọn ìlú káàkiri ayé sí irú ìkéde bẹ́ẹ̀. Paris ti dáhùn, bẹ́ẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀ ṣì ní bọ́ǹbù lọ́wọ́. Tí Paris bá lè sọ ọ́, kí ló dé tí Èbúté Mẹ́tta ò ní lè sọ ọ́?

Ọ̀dọ̀ Ìyálọ́jà ni mo kọ́kọ́ lọ. Ta ló máa gbé ìwé wọ ọjà l'Ékòó tí wọn ò ní rò pé owó orí ló wá gbà tàbí ìbò ló ń wá? Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Wọ́n ní kí n ka lẹ́tà náà sókè ní Yorùbá, mo kà á. Wọ́n bi mí bóyá owó wà nínú ẹ̀, mo ní kò sí kọ́bọ̀. Wọ́n wá pe ọmọbìnrin kan kó máa mú mi kiri.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ jù ni, “Ebi ń pa wá, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bọ́ǹbù.” Òótọ́ ni, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ẹ̀. Ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì ló sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú jù. Mo ní, “Màmá, kí ló gbé owó búrẹ́dì lọ sókè ní 2022?” Wọ́n ní fúláwà ni. Mo sọ fún wọn pé Rọ́ṣíà àti Ukraine wà lára àwọn tó ń ta àlìkámà jù láyé, pé nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún yẹn, ọkọ̀ òkun ò lè kó ọjà kúrò ní èbúté Ukraine mọ́, owó àlìkámà sì fò sókè níbi gbogbo. Náírà tó ń já wálẹ̀ dá kún un, àmọ́ ogun náà dé orí àtẹ wọn. Màmá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Wọ́n sọ òkò sọ́jà, ará ilé wọn ló bà.” Wọ́n gba bíírò.

Bàbá tó ń ta báàgì ní ìwé Mátíù 24 ti sọ pé ogun yóò wà, kí ni mo ń da ara mi láàmú sí? Onígbàgbọ́ lèmi náà. Mo ní Mátíù kan náà ló kọ ọ́ ní orí karùn-ún pé alábùkún fún ni àwọn onílàjà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn ò fọwọ́ sí i. Mo kí wọn, mo kọjá.

Èyí tó fẹ́ mú mi rẹ̀wẹ̀sì ni ti sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ní, “Àwọn alágbára ayé ò ní gbọ́ tiyín láéláé.” Mo bi í níbi tó ti jagun. Ó ní òun wà lára àwọn sójà Nàìjíríà tó wọ Monrovia, olú ìlú Làìbéríà, ní oṣù kẹjọ 2003. Mo ní ṣé ó rántí àwọn obìnrin aláṣọ funfun? Ó rántí wọn. Àwọn obìnrin Làìbéríà wọ̀nyẹn, Kristẹni àti Mùsùlùmí, jókòó sínú oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ẹja, wọ́n ní ogun gbọ́dọ̀ parí. Nígbà tí ìpàdé àlàáfíà fẹ́ forí ṣánpọ́n ní Ghana, Leymah Gbowee tó ṣáájú wọn àti àwọn obìnrin mìíràn jókòó dí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, wọn ò jẹ́ kí àwọn aṣojú jáde. Oṣù kẹjọ yẹn náà ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. “Àwọn ọlọ́jà ni wọ́n, bàbá,” ni mo wí. Ó fọwọ́ sí i, ó sì bá mi pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì.

Láti ìgbà yẹn, mi ò wo ìròyìn mọ́ kí n tó jáde lọ sọ́jà. Sudan àti Gaza ò kúrò lọ́kàn mi, àmọ́ bí mo bá gbé e dání dé ọjà, ojú mi á ti sọ fún èèyàn pé kò sí nǹkan tó lè yí padà. Ìwé kékeré kan ni mo ń kà nínú ọkọ̀, níbi tí mo kọ ohun tó ti ṣeé ṣe sí. Nígbà tí Faransé ń dán bọ́ǹbù wò ní Sàhárà, Nàìjíríà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòmìnira lé aṣojú Faransé lọ sílé ní oṣù kìíní 1961. South Africa fọwọ́ ara rẹ̀ tú bọ́ǹbù mẹ́fà tó ti ṣe tán. Bọ́ǹbù átọ́míìkì tó wà láyé lé ní 60,000 ní 1986. Wọ́n kù nǹkan bí 12,000 báyìí. Ó ṣì pọ̀ jù, àmọ́ èèyàn ló dín in kù. Nàìjíríà fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn tí mò ń gbé kiri ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ 2020, ọjọ́ tó pé ọdún 75 tí wọ́n ju bọ́ǹbù sí Hiroshima.

Àwọn tí kò kọ̀wé tẹ̀ka. Ìyá elépo kan nu àtàǹpàkò mọ́ ìró títí, síbẹ̀ epo ló kọ́kọ́ yí ìwé kí yíǹkì tó dé ibẹ̀. Àwọn kan ní kí n tún ojú ìwé náà kọ. Mi ò tún un kọ, bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọ ọ́fíìsì ìjọba.

Wọ́n gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ wa, wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiwa, wọ́n ní ìgbìmọ̀ yóò jókòó lé e lórí. Ìyálọ́jà ti ní àwọn yóò bá wa lọ béèrè èsì. Àwọn obìnrin kan láti Ojúwòyè ní Mushin náà ti gba ẹ̀dà rẹ̀, a sì ti fi ìpàdé sí ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, kí n lè kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa dá àwọn tó bá ní ebi ń pa àwọn lóhùn.