Ẹ Ti Fẹ́ Ọmọ Ìlú Ọba: Bí Ẹ Ṣe Máa Gba Ìwé Ìgbélùú Títí Dé Ìwé Ọmọ Onílùú

Fífẹ́ ọmọ Ìlú Ọba kì í sọni di ọmọ Ìlú Ọba. Àǹfààní láti tọrọ físà ọkọ tàbí aya nìkan ló ń fúnni. Físà àkọ́kọ́ jẹ́ oṣù 33, ẹ ó sọ ọ́ dọ̀tun fún oṣù 30. Nígbà tí ọdún 5 bá pé, ẹ lè béèrè ìwé ìgbélùú ayérayé tí àwọn èèyàn wa níbẹ̀ ń pè ní ILR. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé ọmọ onílùú. Iye owó tí ẹ ó rí níhìn-ín ni ti oṣù kẹrin ọdún 2025. Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba Ìlú Ọba tó ń bójú tó físà, sábà máa ń fi kún un lóṣù kẹrin, torí náà ẹ wo gov.uk kí ẹ tó sanwó.

Ẹ kọ́kọ́ tún ìwé ìgbéyàwó ṣe

Ìgbéyàwó tó bá òfin ìlú tí ẹ ti ṣe é mu ni wọ́n ń gbà. Ní Nàìjíríà, èyí tí kì í ní wàhálà ni ìwé ẹ̀rí rẹ́jísírì, tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún ní àṣẹ láti so yìgì. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ jẹ́ ìgbéyàwó lóòótọ́ lábẹ́ òfin wa, àmọ́ fọ́tò aṣọ ẹbí kì í ṣe ìwé ẹ̀rí. Bó bá jẹ́ ti ìbílẹ̀ nìkan lẹ ṣe, ẹ lọ ṣe rẹ́jísírì lé e lórí. Ìnáwó rẹ̀ kéré sí ti físà tí wọ́n bá kọ̀.

Ìgbéyàwó àtijọ́ ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Bí ẹnì kan nínú yín bá ti ṣe rẹ́jísírì pẹ̀lú ẹlòmíràn rí ní Nàìjíríà, Kóòtù Gíga nìkan ló lè tú u ká. Ìwé láti kóòtù ìbílẹ̀ kò tú u, bẹ́ẹ̀ ni dídá owó orí ìyàwó padà láàárín ẹbí kò tú u. Decree Nisi, ìwé ìtúká àkọ́kọ́ tí kóòtù ń fúnni, náà kò tíì tó. Decree Absolute, ìwé ìtúká ìkẹyìn tó máa ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn oṣù 3, ni kó wà lọ́wọ́ kí ẹ tó so yìgì tuntun. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìgbéyàwó kejì kò dúró lójú òfin, físà ò sì lè dúró lé e.

Ẹ fi ìwé ọjọ́ ìbí, páásípọọ̀tù àti ìwé ìgbéyàwó wé ara wọn. Bí ọ̀kan bá pè yín ní Adéọlá Rúkàyátù, tí èkejì pè yín ní Rúkàyátù Ọlá, ẹ ti ṣe àfidáfítì kí aláṣẹ físà tó béèrè.

Ìwé owó: ibi tí wọ́n ti ń kọ ọ̀pọ̀ èèyàn

Ẹni tó wà ní Ìlú Ọba gbọ́dọ̀ máa gba ó kéré tán £29,000 lọ́dún, kí wọ́n tó yọ owó orí. Owó iṣẹ́ tiyín ní Nàìjíríà kò wọ inú ìṣirò yìí, bó ti wù kó pọ̀ tó, níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ń tọrọ físà láti ilé.

Bí ọkọ tàbí aya yín bá ti lo oṣù 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ kan náà, ìwé owó oṣù 6, àkọsílẹ̀ báńkì fún oṣù 6 kan náà, àti lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́ ni wọ́n fẹ́. Lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, irú àdéhùn iṣẹ́ tó ní, iye tó ń gbà àti ìgbà tó ti ń gba iye yẹn. Iye tó wọ báńkì gbọ́dọ̀ bá ìwé owó oṣù mu, oṣù sí oṣù. Bí wọ́n bá ń ka apá kan lé e lọ́wọ́ láìgba báńkì kọjá, apá yẹn kò sí lójú Home Office.

Ẹ kíyè sí èyí dáadáa. Fún ẹni tó ní owó oṣù tí kì í yí, ipele tó kéré jù nínú oṣù 6 náà ni wọ́n máa fi ṣírò. Ká ní ó ń gba £2,400 lóṣù, tí wọ́n wá gbé e sí £2,500 lóṣù kejì. £2,500 lọ́nà 12 jẹ́ £30,000, ó kọjá. Àmọ́ £2,400 ti oṣù àkọ́kọ́ ni wọ́n máa mú: £28,800. Wọ́n á kọ̀ ọ́ nítorí £200. Kí ẹ ní sùúrù títí oṣù 6 yóò fi pé lórí owó tuntun ló dára jù.

Ẹni tí kò tíì pé oṣù 6 níbi iṣẹ́ yóò fi owó tó gbà ní oṣù 12 sẹ́yìn hàn pẹ̀lú. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ yóò lo ìwé owó orí ọdún ìṣúná tó ti parí. Bí owó iṣẹ́ kò bá tó, owó ìpamọ́ lè dí i. Ìṣirò rẹ̀ ni £16,000, pẹ̀lú ìlọ́po 2.5 iye tó kù. Ẹni tó ń gba £25,000 kù sí £4,000, torí náà £26,000 ni yóò ní ní báńkì. Bí kò bá sí owó iṣẹ́ rárá, £88,500 ni. Owó yìí gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ yín fún oṣù 6 gbáko. Owó tí ẹbí dá jọ lóṣù tó kọjá kò wúlò, bẹ́ẹ̀ ni owó yíyá.

Àkọsílẹ̀ báńkì tó kẹ́yìn kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 28 lọ ní ọjọ́ tí ẹ bá fi ìwé sílẹ̀. Nítorí èyí, ìwé owó ni kí ẹ kó jọ kẹ́yìn. Bí ọkọ tàbí aya yín bá ń gba owó ìrànlọ́wọ́ àìlera bíi PIP, £29,000 kò kàn yín. Wọ́n á kàn wò ó bóyá owó ilé tó yín jẹ.

Gẹ̀ẹ́sì, ikọ́ ife, àti fífi ìwé sílẹ̀

Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ti ipele A1, ìyẹn ipele ìbẹ̀rẹ̀, tó, ti sísọ àti gbígbọ́. Àmọ́ bí Gẹ̀ẹ́sì yín bá dára, ẹ kúkú ṣe B1 tó ga jù ú lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí òun ni wọ́n máa béèrè nígbà ILR. Ẹni tó ní digírí láti Nàìjíríà lè fi dípò ìdánwò, bí Ecctis, àjọ tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ òkèèrè wò fún Ìlú Ọba, bá ti fún un ní ìwé pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ẹ ó ya fọ́tò àyà fún àyẹ̀wò ikọ́ ife ní ilé ìwòsàn tí wọ́n fọwọ́ sí, ìwé rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ fún oṣù 6.

Ní ti ẹ̀rí ìfẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ ti fojú kojú rí. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, òǹtẹ̀ páásípọọ̀tù, owó tí ẹ fi ránṣẹ́ síra yín àti ìjíròrò WhatsApp díẹ̀ láti oṣù kọ̀ọ̀kan dára ju ojú ìwé 400 tí ẹnikẹ́ni kò ní kà.

Físà jẹ́ £1,938, owó ìlera tí ẹ ó san ṣáájú kí ẹ lè máa lo ilé ìwòsàn ìjọba sì jẹ́ £3,105; àpapọ̀ rẹ̀ £5,043. Ẹ ó lọ tẹ̀ka ní Èkó tàbí Àbújá. Ẹni tó bá lọ pẹ̀lú físà àbẹ̀wò kò lè yí i padà sí ti ọkọ tàbí aya níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ lè ṣe é. Ẹ má fi ìwé ayédèrú kún un rárá, torí wọ́n lè fòfin de yín fún ọdún 10.

Lẹ́yìn tí ẹ bá dé ibẹ̀

Ẹ lè ṣiṣẹ́, ẹ lè lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba (NHS), àmọ́ ẹ kò lè gba owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba ní orúkọ ara yín. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ máa tọ́jú lẹ́tà tó wá sí àdírẹ́sì ilé: council tax (owó orí ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà), báńkì, iná, dókítà. Nígbà ìsọdọ̀tun wọ́n máa fẹ́ bíi mẹ́fà, láti ibi mẹ́ta ó kéré tán, kí ọjọ́ wọn sì tàn káàkiri ọdún 2. Ẹni tí orúkọ ọkọ rẹ̀ nìkan wà lórí gbogbo nǹkan máa ń jìyà gidi níbí.

Ìsọdọ̀tun jẹ́ £1,321 pẹ̀lú £2,587.50 fún ìlera, Gẹ̀ẹ́sì ipele A2. Ẹ fi sílẹ̀ kí físà tó kú, torí àlàfo lè da ọdún 5 yín nù.

Fún ILR, ẹ lè béèrè láti ọjọ́ 28 ṣáájú kí oṣù 60 tó pé. Owó rẹ̀ jẹ́ £3,029. Ẹ ó ṣe ìdánwò Life in the UK, tó dá lórí ìtàn àti ìgbé ayé Ìlú Ọba: ìbéèrè 24, ìṣẹ́jú 45, kí ẹ gba 18, owó £50.

Bí ọkọ bá ń lù yín tàbí ó ń fi físà halẹ̀ mọ́ yín, ẹ mọ̀ pé òfin gbà kí ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ fọ́ nítorí ìwà ipá béèrè ILR lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, láìdúró dé ọdún 5. Bákan náà ni fún ẹni tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ kú. Ẹ kò nílò àṣẹ ọkọ.

Ìwé ọmọ onílùú

Ẹni tó fẹ́ ọmọ Ìlú Ọba gan-an lè béèrè lọ́jọ́ kejì tí ILR bá jáde. Ẹni tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ ní ILR nìkan yóò dúró fún oṣù 12. Láàárín ọdún 3 ṣáájú ìbéèrè, ẹ kò gbọ́dọ̀ ti lo ju ọjọ́ 270 lọ lẹ́yìn odi, kí ó má sì ju 90 lọ nínú oṣù 12 tó kẹ́yìn. Ẹ sì gbọ́dọ̀ ti wà lórí ilẹ̀ Ìlú Ọba ní ọjọ́ tó pé ọdún 3 gérégé sí ọjọ́ ìbéèrè. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn lọ́jọ́ yẹn fún ọdún Iléyá, kó yan ọjọ́ mìíràn. Owó rẹ̀ jẹ́ £1,735, ti ayẹyẹ ìbúra wà nínú rẹ̀.

Abala 28 nínú òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 kò gba ìwé ọmọ onílùú lọ́wọ́ ẹni tí a bí ní ọmọ Nàìjíríà. Ẹ lè di méjèèjì mú. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá búra, ILR inú eVisa yín (àkọsílẹ̀ físà orí ayélujára) ti dópin. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ sílé kí páásípọọ̀tù Ìlú Ọba tó jáde, nítorí ti Nàìjíríà nìkan kò ní gbé yín padà wọlé.