Ìwé Ẹjọ́ Bọ̀dá Wa: Bí A Ṣe Gbà Á ní Albany àti ní Kóòtù Brooklyn

Nígbà tí Bọ̀dá wa fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù N-400 kí ó lè di ọmọ onílùú Amẹ́ríkà, ìbéèrè kan ló dá a dúró: ǹjẹ́ wọ́n ti mú ọ rí? Wọ́n ti mú un. Ní 2011, ní Brooklyn nínú ìlú New York, ọlọ́pàá dá mọ́tò rẹ̀ dúró torí iná ẹ̀yìn tí kò tàn, wọ́n yẹ láísẹ́ǹsì rẹ̀ wò, wọ́n bá a pé ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e nítorí ìńṣọ́ránsì tó já. Ní New York, kí èèyàn máa wa mọ́tò nígbà tí wọ́n ti gbẹ́sẹ̀ lé láísẹ́ǹsì rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì lásán. Abala 511 nínú òfin mọ́tò kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn, èyí tí wọ́n ń pè ní misdemeanor. Wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, wọ́n tẹ ìka rẹ̀, ibẹ̀ ló sùn mọ́jú. Nígbà tó dé iwájú adájọ́, lọ́yà tí ìjọba fún un bá wọn dúnàá-dúrà, wọ́n sọ ọ́ di abala 509, ẹ̀ṣẹ̀ ojú títì lásán, ó san owó ìtanràn, ó sì gba ilé lọ.

"Wọ́n ti pa á rẹ́," ni Bọ̀dá ń wí. "Lọ́yà yẹn ló sọ fún mi pé kò sí nǹkan kan lórúkọ mi mọ́. Kí ni ẹ tún fẹ́ kí n kọ?"

Èmi tí mo jókòó ti fọ́ọ̀mù náà, mo tún un kà sí i létí. Fọ́ọ̀mù yẹn ò fi bọpo bọyọ̀: bí wọ́n tilẹ̀ ti fi èdìdì di ẹjọ́ náà kí ará ìta má bàa rí i, tàbí wọ́n ti pa á rẹ́, ó ní kí èèyàn sọ ọ́. Ìdí rẹ̀ ò ṣòro. Àwọn immigration fúnra wọn á tún tẹ ìka ẹni, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀, ohun tó bá wà níbẹ̀ á jáde. Ẹjọ́ mọ́tò kò tó nǹkan lójú wọn, irọ́ tí èèyàn pa lé e lórí gan-an ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Òótọ́ ni pé tíkẹ́ẹ̀tì mọ́tò tí owó rẹ̀ kò tó $500, tí wọn ò mú èèyàn sí i, tí kò sì ní ọtí tàbí oògùn olóró nínú, wọn kì í béèrè ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Bọ̀dá ní ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ nínú.

Ohun tó yé mi nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ni pé àkọsílẹ̀ ẹjọ́ kò sí nínú ìwé kan ṣoṣo ní orílẹ̀-èdè yìí. Ọlọ́pàá ìlú ní tiwọn, kóòtù ní tiẹ̀, ìpínlẹ̀ ní tiẹ̀ ní Albany tó jẹ́ olú ìlú rẹ̀, FBI ní tiwọn. Bí ẹnì kan bá pa tiẹ̀ dé, kò túmọ̀ sí pé àwọn yòókù ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ti ìpínlẹ̀ la kọ́kọ́ gbà, ohun tí mo sì máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí nìyẹn: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ni í ni Division of Criminal Justice Services, DCJS, tó wà ní Albany. Kò pọn dandan kí ẹ rìn dé Albany. Orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti gba àyè lọ́dọ̀ IdentoGO, àwọn tó ń bá wọn tẹ ìka, a sì sọ pé àyẹ̀wò àkọsílẹ̀ ara ẹni la wá ṣe, kì í ṣe ti ibi iṣẹ́. Bọ̀dá gbọ́dọ̀ lọ fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lè báni tẹ̀ka. Oríṣi ìwé méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní yọ gbogbo ẹjọ́ tí wọ́n ti fi èdìdì dì kúrò. Ìkejì, tí wọ́n ń pè ní unsuppressed, kó gbogbo rẹ̀ jáde, tó fi mọ́ èyí tí wọ́n dì. Ìkejì yìí ni ẹni tó ń kọ fọ́ọ̀mù immigration nílò, torí ohun tí wọ́n dì gan-an ni fọ́ọ̀mù ń béèrè. Ẹ ka ibẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sanwó.

Títẹ ìka yẹn ló gba àsìkò jù. Bọ̀dá ti fi ọdún gbọ́ọrọ̀ fọ abọ́ àti ilẹ̀ ilé oúnjẹ pẹ̀lú bílíìṣì, ìlà ọwọ́ rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dán. Ẹ̀rọ náà ń kọ àtàǹpàkò rẹ̀, ó ń kọ ìka ìfábẹ̀lá. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ fi aṣọ tútù nù ún, ó fi ìpara díẹ̀ sí i, ó di ìka náà mú, ó rọra yí i láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì lórí gíláàsì, ó ní, "Ẹ má bá mi yí i, sir, ẹ fi ọwọ́ sílẹ̀ fún mi." Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ líle, kó ti máa fi ìpara pa ọwọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú.

Ṣùgbọ́n ìka yẹn tó ìnira rẹ̀. Orúkọ wa ni mo ń rò. Nígbà tí ọlọ́pàá mú Bọ̀dá, orúkọ bàbá rẹ̀ ni wọ́n kọ síbi orúkọ tirẹ̀, wọ́n gé "Olu" kúrò lára ìyókù bí ẹni pé orúkọ méjì ni, lẹ́tà kan tún sọnù nínú rẹ̀. Bí a bá ní kí wọ́n fi orúkọ wá a, wọ́n lè ní àwọn ò rí i, a ó sì rò pé ó ti parẹ́ lóòótọ́. Ìka kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ.

Lẹ́tà ni wọ́n fi ránṣẹ́ sílé. Lókè rẹ̀ ni nọ́ńbà NYSID wà, èyí tí ìpínlẹ̀ fi mọ èèyàn láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti tẹ ìka rẹ̀ nígbà tí wọ́n mú un. Lábẹ́ rẹ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n mú un, àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ̀sùn 511, nọ́ńbà ẹjọ́, àti ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí: 509. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé abala 160.55 nínú òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ni wọ́n fi dì í. Bọ̀dá wò ó títí. "Ó wà níbẹ̀ ṣá," ló wí.

Ọ̀rọ̀ 160.55 yìí ló ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwa ará ibí. Bí adájọ́ bá tú ẹjọ́ ká pátápátá, abala 160.50 ló máa ń dì í, ó sì ń di ti kóòtù mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ẹ̀ṣẹ̀ kékeré tí kì í ṣe ọ̀daràn, bíi ti Bọ̀dá, 160.55 ni tirẹ̀: ó ń fi èdìdì di ti ọlọ́pàá, ti agbẹjọ́rò ìjọba tó pè é lẹ́jọ́ àti ti Albany, ṣùgbọ́n fáìlì kóòtù wà ní ṣíṣí. Lọ́yà ọjọ́ yẹn kò purọ́. Apá kan ọ̀rọ̀ ló sọ, apá yẹn ni Bọ̀dá sì gbọ́.

Ẹ má fi ìwé Albany lọ bá immigration kí ẹ rò pé ó ti tán. Atọ́nà ni. Ìwé tí wọ́n fẹ́ ni èyí tí kóòtù tó dá ẹjọ́ náà fi òǹtẹ̀ lù, certificate of disposition. Ti Brooklyn wà ní 120 Schermerhorn Street, ẹ bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Hoyt-Schermerhorn, kò jìnnà rárá. Nọ́ńbà ẹjọ́ tí a rí nínú ìwé Albany ni a mú lọ. Àwọn ẹjọ́ ìgbà yẹn, ọdún ló ṣáájú, lẹ́yìn náà lẹ́tà méjì: KN ni Brooklyn, BX ni Bronx, QN ni Queens, NY ni Manhattan, RI ni Staten Island. Lẹ́tà yẹn ló ń sọ kóòtù tí ẹ ó lọ, kì í ṣe ibi tí ẹ ń gbé. Bí ẹjọ́ bá jẹ́ méjì ní àdúgbò méjì, kóòtù méjì náà ni.

A bọ́ bẹ́líìtì lẹ́nu ọ̀nà, a tò, a fún akọ̀wé ní páásípọ́ọ̀tù Bọ̀dá àti nọ́ńbà náà. $10 ni ìwé kan. Mo ní kí wọ́n fún wa ní méjì, torí ẹni tó bá gba ìwé lọ́wọ́ ẹni ní immigration kì í dá a padà. Kí a tó kúrò lójú fèrèsé ni mo ti kà á tán: orúkọ, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà ẹjọ́, ẹ̀sùn àkọ́kọ́, èyí tó gbà, nọ́ńbà abala òfin, ìdájọ́, àti pé ó ti san owó náà. Mo fi àtàǹpàkò ra òǹtẹ̀ náà, ó yọ sókè lórí bébà. Ẹ̀dà tí a fi ẹ̀rọ dà kọ kò ní ìyẹn, wọn kò sì ní í gbà á.

Àwọn nǹkan kan wà tí wọ́n ní kí a rà tí a ò rà. Kóòtù ìpínlẹ̀ ń ta àyẹ̀wò kan tó ń fi orúkọ àti ọjọ́ ìbí wá èèyàn káàkiri New York, $95 ni. Àwọn agbanisíṣẹ́ àti onílé ló wúlò fún. Ọlọ́pàá New York ń fúnni ní ìwé ìwà rere ní One Police Plaza, $50. Ìyẹn dára fún ẹni tó ń lọ gba físà orílẹ̀-èdè mìíràn, kò sì kan N-400. Wẹ́ẹ̀bù WebCrims tí kóòtù ìpínlẹ̀ ní jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ẹjọ́ tó bá ṣì ní ọjọ́ tí wọ́n máa pè é lọ́jọ́ iwájú nìkan ló ń gbé jáde. Ẹni tó bá wo orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ tí kò rí i, kó má tíì jó. Ní ti àwọn wẹ́ẹ̀bù aládàáni tó ń pariwo kiri, mi ò ní í fi kọ́bọ̀ mi sí i.

Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tún ń sọ pé òfin Clean Slate, èyí tó ní kí wọ́n máa fi èdìdì di ẹjọ́ àtijọ́, ti nu gbogbo rẹ̀ kúrò. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá 2024, wọ́n sì fún kóòtù láyè títí di oṣù Kọkànlá 2027 láti fi ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ tàbí ilé ló ràn lọ́wọ́. Kò ní kí immigration má béèrè.

Nítorí pé ìwé Albany kò sọ nǹkan kan nípa ìpínlẹ̀ mìíràn, tí Bọ̀dá sì ti gbé New Jersey rí, a tún san $18 fún FBI kí ọkàn wa lè balẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ yà á lẹ́nu: wọ́n kọ ọ́ pé wọ́n mú un, wọ́n kọ ẹ̀sùn 511, kò sí bí ẹjọ́ ṣe parí níbẹ̀ rárá. Ìyẹn ni òṣìṣẹ́ tó bá jókòó ti kọ̀ǹpútà yóò kọ́kọ́ rí. FBI ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́, kóòtù ló ní ìparí rẹ̀.

Ti Bọ̀dá rọrùn torí ọ̀rọ̀ mọ́tò ni. Bí ìwé Albany bá gbé oògùn olóró, ìjà inú ilé tàbí olè jíjà jáde, ẹ dá fọ́ọ̀mù náà dúró ná. Ẹ mú ìwé náà tọ lọ́yà immigration lọ, torí ẹjọ́ irú ìyẹn lè fa gíríìnkáàdì gan-an lọ́wọ́ èèyàn. CUNY Citizenship Now!, ètò yunifásítì ìlú New York, ń gba èèyàn nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́ ní New York níbí.

Lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, òṣìṣẹ́ náà béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2011, Bọ̀dá sọ ọ́ bó ṣe rí, ó na ìwé náà sí i. Obìnrin náà kà á, ó fi sínú fáìlì, ó bọ́ sórí ìbéèrè nípa ààrẹ àkọ́kọ́. Ẹ̀dà kejì la fi bẹ FBI pé kí wọ́n kọ ìparí ẹjọ́ náà sínú tiwọn. Wọn kì í gbowó fún àtúnṣe.