Lẹ́ǹsì tuntun: àwọn àṣìṣe tí kì í jẹ́ kí wọ́n bá wa pààrọ̀ rẹ̀

Ẹ má gbé lẹ́ǹsì kámẹ́rà tuntun lọ síbi ìgbéyàwó láì kọ́kọ́ dán an wò nílé. Mo ṣe é rí. Nínú fọ́tò ẹbí, ojú àwọn tó wà lápá òsì mọ́ kedere, àmọ́ gèlè ìyá ìyàwó lápá ọ̀tún ṣe bàìbàì bí ẹni pé èéfín bò ó. Inú obìnrin yẹn bà jẹ́, ó sì ń dùn mí di òní.

Àṣìṣe kejì ló burú jù. Mo gbé lẹ́ǹsì padà fún ẹni tó tà á, mo kàn ní "kò mọ́." Ó ní ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n. Kí ni mo fẹ́ fi já a nírọ́?

Bí ẹ ṣe máa rí ẹ̀rí tí ẹ máa mú lọ rèé. Ẹ wá ògiri búlọ́ọ̀kù tí wọn ò tíì rẹ́, torí pé ìlà àárín búlọ́ọ̀kù á hàn dé igun fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ má fọwọ́ gbé kámẹ́rà dání. Ẹ gbé e lé tripod (ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé), ẹ yí ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí, sí 100, ẹ lo táímà. Ẹ yọ fílítà iwájú lẹ́ǹsì, kí ẹ má bàa di ẹ̀bi fílítà ru lẹ́ǹsì. Ẹ ya ọ̀kan níbi tí lẹ́ǹsì ṣí dé jù, bíi f/1.8, kí ẹ tún ya òmíràn ní f/8, níbi tí kò ti ṣí tó bẹ́ẹ̀.

Bí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò bá mọ́ tó àárín ní f/1.8, ẹ má tíì pariwo. Bí ọ̀pọ̀ lẹ́ǹsì 50mm tí kò wọ́n ṣe rí nìyẹn. Ìyàtọ̀ ọ̀tún sí òsì là ń wá. Bí apá kan bá ṣe bàìbàì, ẹ dorí kámẹ́rà kodò, kí ẹ tún ya ògiri kan náà. Bí bàìbàì náà bá bọ́ sí òdìkejì ògiri, gíláàsì kan ti yẹ̀ nínú lẹ́ǹsì. Bó bá dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀, kámẹ́rà ni kò dojú kọ ògiri tààrà.

Ti tòkunbọ̀, kí ẹ tó sanwó ni kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù gba ẹ̀yìn rẹ̀. Eruku díẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ohun tó bá hù bí òwú aláǹtakùn, ọ̀rinrin ló fà á. Ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ má tú lẹ́ǹsì fúnra yín, ẹ ò ní rí wáráńtì lò mọ́. Ẹ má sọ páálí àti rìsíìtì nù. Ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́: òfin ààbò oníbàárà ti 2018 ní Nàìjíríà fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó ní àbùkù padà, àmọ́ ẹni tó bá tètè dé lọ́rọ̀ rẹ̀ máa ń wọlé. Fọ́tò ògiri méjèèjì ni mo fi han ẹni tó ta lẹ́ǹsì fún mi nígbà tí mo padà lọ. Kò jiyàn, ó pààrọ̀ rẹ̀. Mo dán tuntun náà wò lára ògiri ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí n tó kúrò níbẹ̀.